Ẹrù Tí A Kò Wọ̀n, Ìrì Tí A Kò Nù

Ẹ fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ yìí. Bí ẹ bá pàdé ọ̀rọ̀ tó gùn, ẹ pín in sí méjì, kí ẹ sì tún un kà.

Ìtàn ọkọ̀ òfurufú ni a fẹ́ sọ lónìí. Ẹlòmíràn lè béèrè pé, "Kí ló kàn mí kan ọkọ̀ òfurufú? Èmi tí mò ń ro oko àgbàdo, tí mò ń ṣe epo pupa, ibo ni mo fẹ́ fò lọ?" Ẹ ní sùúrù. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọkọ̀ tí a fẹ́ sọ yìí kan ẹni tó ń wọ tasí láti Igolo lọ sí Àjàṣẹ́. Ó kan ẹni tó ń gun ọ̀kadà lọ sí ọjà. Bí ẹ bá kà á dé òpin, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ wa ni.

BÁWO NI ỌKỌ̀ ÒFURUFÚ ṢE Ń GBÉRA?

Ẹ̀yin tí ẹ ti ru páànù rí lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́, ẹ ti mọ ìdajì ìdáhùn. Bí ẹ bá gbé páànù náà tẹ́jú, afẹ́fẹ́ á kọjá lókè rẹ̀ àti nísàlẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí etí rẹ̀ tó wà níwájú bá gbé sókè díẹ̀, afẹ́fẹ́ á fẹ́ gbé e lọ. Á fẹ́ gbé ẹni tó rù ú pẹ̀lú. Irin ni páànù. Ó wúwo. Síbẹ̀ afẹ́fẹ́ lè gbé e.

Bí ìyẹ́ ọkọ̀ òfurufú ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ọkọ̀ òfurufú kì í lu ìyẹ́ bí ẹyẹ. Ẹ̀rọ ló ń mú un sáré síwájú. Bí ó ti ń sáré, afẹ́fẹ́ ń ṣàn kọjá lórí ìyẹ́ àti lábẹ́ rẹ̀. Ìyẹ́ ń darí afẹ́fẹ́ sí ìsàlẹ̀, afẹ́fẹ́ náà sì ń gbé ìyẹ́ sókè. Bí eré bá ti ń pọ̀ sí i ni agbára tó ń gbé ọkọ̀ sókè ń pọ̀ sí i. Nígbà tí agbára yìí bá ju ìwúwo ọkọ̀ lọ, ọkọ̀ á kúrò nílẹ̀.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ bá ara wọn mu.

Èkíní: ìyẹ́ gbọ́dọ̀ mọ́, kí ó sì dán, kí afẹ́fẹ́ lè ṣàn lórí rẹ̀ bí omi ṣe ń ṣàn lórí àwo.

Èkejì: ẹrù kò gbọ́dọ̀ ju èyí tí ìyẹ́ lè gbé lọ.

Ẹ̀kẹta: ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ fi ń sáré gbọ́dọ̀ gùn tó.

Bí ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí bá yẹ̀, ewu ti dé. Awakọ̀ tasí tí ọkọ̀ rẹ̀ kò bá lè gun òkè lè dúró, kí ó sọ èrò kalẹ̀. Awakọ̀ òfurufú tó ti ń sáré kò ní àyè bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ó dé ibì kan tí kò lè dúró mọ́. Láti ibẹ̀, àfi kí ó fò. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ọ̀rọ̀ fi wà nínú ohun tí a ṣe kí ọkọ̀ tó ṣí.

ỌJỌ́ KÉRÉSÌMESÌ NÍ KÙTỌ̀NÚ

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ nílé. Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá ọdún 2003, ọkọ̀ òfurufú ńlá kan wà ní pápá ọkọ̀ òfurufú Cadjèhoun ní Kùtọ̀nú. Pápá yìí kan náà ló ń jẹ́ orúkọ Kádínà Bernardin Gantin lónìí. Boeing 727 ni irú ọkọ̀ náà. Ilé-iṣẹ́ kan láti ilẹ̀ Gínì, Union des Transports Africains, ló ń lò ó. Ó ti Conakry wá. Ó fẹ́ gba Kufra ní ilẹ̀ Líbíà kọjá, kí ó lọ sí Beirut ní ilẹ̀ Lẹ́bánónì, kí ó sì parí ìrìn rẹ̀ sí Dubai.

Àwọn wo ló wà nínú rẹ̀? Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ ará Lẹ́bánónì tó ń ṣòwò ní ilẹ̀ wa àti ní àwọn ilẹ̀ tó yí wa ká. Wọ́n ń lọ bá ẹbí wọn ṣọdún. Àwọn ọmọdé wà nínú wọn. Àwọn sójà ilẹ̀ Bangladesh 15 náà wà níbẹ̀. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ àlàáfíà ní Liberia àti ní Sierra Leone, wọ́n sì ń padà sílé. Bí èèyàn bá ń lọ sílé lọ́jọ́ ọdún, ẹ mọ̀ pé kì í lọ lọ́wọ́ òfo. Ẹrù á wà lọ́wọ́, ẹrù á wà lápá.

Nígbà tí aago mẹ́ta ọ̀sán fẹ́ẹ̀ lù, ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Oòrùn ń mú. Ẹ má gbàgbé èyí, nítorí afẹ́fẹ́ gbígbóná fúyẹ́, kì í sì í gbé ìyẹ́ tó bí afẹ́fẹ́ tútù ṣe ń gbé e. Ojú ọ̀nà pápá náà gùn tó mítà 2,400. Ọkọ̀ náà sáré, ó sáré. Awakọ̀ fa imú rẹ̀ sókè. Imú kò tètè gbé. Ọ̀nà ń tán lọ. Nígbà tí ọkọ̀ gbéra, ó gbéra díẹ̀ báyìí ni. Kò lè gòkè bó ṣe yẹ.

Ní mítà 118 sí òpin ojú ọ̀nà, ilé kékeré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kó ẹ̀rọ sí, ẹ̀rọ tó ń fi ọ̀nà han ọkọ̀ tó bá ń bọ̀ wálẹ̀. Ọkọ̀ náà kọlu ilé yìí. Ó já sí etíkun, ó sì wọ inú òkun. Nínú èèyàn 163 tí a kà pé ó wà nínú rẹ̀, 141 kú. Èèyàn 22 péré ló yè.

Kò sí jàǹbá ọkọ̀ òfurufú tó pa èèyàn tó bẹ́ẹ̀ rí ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ọjọ́ ayọ̀ di ọjọ́ ẹkún.

KÍ NI ÌWÁDÌÍ SỌ?

Ìjọba ilẹ̀ wa gbé ìwádìí náà lé ilé-iṣẹ́ BEA ti ilẹ̀ Faransé lọ́wọ́. Iṣẹ́ wọn ni láti wádìí jàǹbá ọkọ̀ òfurufú. Wọ́n kó àfọ́kù ọkọ̀ jọ. Wọ́n gbọ́ ohùn tí ẹ̀rọ gbà sílẹ̀. Wọ́n bi àwọn tó yè ní ìbéèrè.

Ohun tí wọ́n rí rèé: ẹrù ló pọ̀ jù, wọ́n sì dì í láìsí ètò. Ọkọ̀ náà wúwo ju iye tí àwọn awakọ̀ fi ṣe ìṣirò wọn lọ ní bíi tọ́ọ̀nù 7. Tọ́ọ̀nù kan jẹ́ kílò 1,000. Àpò sìmẹ́ńtì kan jẹ́ kílò 50. Nítorí náà, tọ́ọ̀nù 7 jẹ́ àpò sìmẹ́ńtì 140. Ẹ ro bí àpò sìmẹ́ńtì 140 ṣe máa ga tó bí a bá tò ó síwájú ilé yín. Ìyẹn ni ìyẹ́ gbé tí ẹnikẹ́ni kò kà mọ́ ọn.

Kò tán síbẹ̀. Ẹrù náà wúwo sí apá iwájú ọkọ̀, awakọ̀ kò sì mọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń gun ọ̀kadà, ẹ mọ ohun tí a ń wí. Bí a bá so kẹ́ẹ̀gì epo ńlá méjì mọ́ ọwọ́ ọ̀kadà, ṣé ẹ ó lè yà á bí ẹ ṣe fẹ́? Bẹ́ẹ̀ náà ni ọkọ̀ òfurufú tí ẹrù iwájú rẹ̀ pọ̀ jù. Awakọ̀ ń fa imú sókè, ẹrù ń fà á sílẹ̀.

Àwọn olùwádìí kò dá awakọ̀ nìkan lẹ́bi. Wọ́n ní ilé-iṣẹ́ tó ni ìrìnàjò náà kò ní ìmọ̀, ètò àti ìwé tó yẹ kí ó ní. Wọ́n ní àwọn aláṣẹ tó yẹ kí wọ́n bójú tó o ní ilẹ̀ Gínì kò bójú tó o bó ṣe tọ́. Wọ́n sì dábàá pé kí wọ́n máa fi ẹ̀rọ tó lè wọn ẹrù sínú àwọn ọkọ̀ òfurufú titun, kí awakọ̀ lè mọ ìwúwo ọkọ̀ rẹ̀ kí ó tó ṣí.

Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹrù àpọ̀jù kì í sábà dé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹnìkan á ní, "Báàgì mi kan yìí kò lè ṣe nǹkan." Ẹnìkejì á wí bákan náà. Ẹnìkẹta náà á wí bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó purọ́ nínú wọn, nítorí báàgì kan kò lè já ọkọ̀ bọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìyẹ́ kì í gbé báàgì kọ̀ọ̀kan. Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀ ló ń gbé.

Ẹrù tó wúwo nìyẹn. Ọ̀tá mìíràn wà tí kò wúwo rárá, tó sì ń ṣe ọkọ̀ òfurufú ní ibi kan náà. Ìrì ni.

ÌRÌ TÓ DÌ

Nígbà ọyẹ́, bí ẹ bá jí ní kùtùkùtù, ẹ ó rí ìrì lórí koríko àti lórí páànù orí ilé. Òjò kò rọ̀. Báwo ni omi ṣe débẹ̀? Ní òru tí kò sí àwọsánmà, páànù máa ń tutù ju afẹ́fẹ́ tó yí i ká lọ. Omi tí a kò rí nínú afẹ́fẹ́ á wá rọ̀ mọ́ ọn.

Ní àwọn ilẹ̀ tí òtútù ti ń mú gan-an, bí ilẹ̀ Faransé, Amẹ́ríkà àti Kánádà, ìrì yìí kì í dúró bí omi. Á dì. Á funfun, á tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹni pé wọ́n bu iyọ̀ wọ́n ọn. Ìrì dídì ni à ń pè é. Kì í ṣẹlẹ̀ ní Ko-Koumolou. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa tó wà ní òkè òkun mọ̀ ọ́n. Wọ́n ń ha á kúrò lójú dígí ọkọ̀ wọn ní àárọ̀.

Bí ẹ bá fọwọ́ kàn án, á rí ṣákaṣàka, bí bébà tí àwọn káfíńtà fi ń ha pákó kí ó lè dán. Ó tẹ́ẹ́rẹ́. Ó fúyẹ́. Èèyàn lè rò pé kò lè ṣe ọkọ̀ irin ní nǹkan kan. Irọ́ ni. Ìwádìí fi hàn pé bí ìrì dídì tó rí ṣákaṣàka báyìí bá bo orí ìyẹ́, agbára tó ń gbé ọkọ̀ sókè lè dín ní 30 nínú 100. Agbára tó ń fà á sẹ́yìn sì lè fi 40 nínú 100 pọ̀ sí i.

Kí ló dé? Afẹ́fẹ́ ló ń kọsẹ̀. Lórí ìyẹ́ tó dán, afẹ́fẹ́ á lẹ̀ mọ́ ọn, á sì ṣàn kọjá jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Lórí ìyẹ́ tó rí ṣákaṣàka, afẹ́fẹ́ á dàrú, á sì já kúrò lára ìyẹ́ kí àsìkò tó tó. Bí afẹ́fẹ́ bá ti já, ohun tó ń gbé ọkọ̀ dúró ti lọ nìyẹn.

Ewu yìí pọ̀ jù fún àwọn ọkọ̀ òfurufú kéékèèké. Ìdí mẹ́ta ló wà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń sùn síta lóru, ìrì a sì pa wọ́n. Ìyẹ́ wọn kéré, nítorí náà ìrì díẹ̀ tó fún ìpalára. Lẹ́yìn náà, ọ̀pọ̀ ìgbà ni awakọ̀ wọn máa ń wà ní òun nìkan ní pápá kékeré, tí kò sí òṣìṣẹ́ tàbí ọkọ̀ tó lè wá fi oògùn gbígbóná fọ yìnyín kúrò lára ìyẹ́.

ÒFIN TÓ FI ÀYÈ SÍLẸ̀

Láti ọdún 1950 ni òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti sọ pé kí ọkọ̀ òfurufú má gbéra bí ìrì dídì tàbí yìnyín bá wà lára ìyẹ́ rẹ̀. Òfin dára. Ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún, àyè kan wà nínú òfin fún àwọn ọkọ̀ kan, pàápàá àwọn kéékèèké. Wọ́n gbà pé awakọ̀ lè fi nǹkan ha ìrì dídì náà títí yóò fi dán, kí ó sì máa lọ. Kò di dandan kí ó mú gbogbo rẹ̀ kúrò.

Ta ló máa wá sọ pé ó ti dán tó? Kò sí ohun tí a fi ń wọ̀n ọ́n. Ojú awakọ̀ ni, àti ìkánjú awakọ̀. Ẹni tó ń kánjú, ohun tí kò dán á dán lójú rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2010 ni ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó ti ilẹ̀kùn yìí. Láti ìgbà náà, ohun tí wọ́n ń wí ni pé kí ìyẹ́ mọ́ tónítóní.

Kí a tó dé ibẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ti lọ. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kínní ọdún 1982, ọkọ̀ ńlá kan fẹ́ gbéra ní Washington, olú ìlú Amẹ́ríkà. Yìnyín ń rọ̀. Wọ́n ti fọ ìyẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó tún dúró lórí ìlà fún bíi ìṣẹ́jú 50, yìnyín sì tún ń kó sí i lára. Nígbà tí ọkọ̀ ń sáré lọ, awakọ̀ kejì sọ ọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ pé ohun tí òun ń rí lójú ẹ̀rọ kò tọ̀nà. Ọ̀gá rẹ̀ kò dúró. Ọkọ̀ náà gbéra díẹ̀, ó kọlu afárá, ó sì já sínú odò Potomac tó ti dì. Nínú èèyàn 79 tó wà nínú ọkọ̀, 5 ló yè. Èèyàn 4 tó wà lórí afárá nínú ọkọ̀ tiwọn náà kú.

ÀWỌN TÓ RÍI TÍ WỌN KÒ SỌ

Ìtàn tó tẹ̀ lé e yìí ni kí ẹ fi ọkàn sí jù. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹta ọdún 1989, ọkọ̀ òfurufú kan dúró ní ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Dryden, ní Kánádà. Èèyàn 69 ló wà nínú rẹ̀. Yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ẹ̀rọ kékeré tó ń ran ọkọ̀ náà lọ́wọ́ láti dáná ti bàjẹ́. Bí awakọ̀ bá pa ẹ̀rọ ńlá, kò ní rí ohun tó máa fi dá a padà ní Dryden. Ilé-iṣẹ́ rẹ̀ kò sì gbà kí wọ́n fọ ìyẹ́ nígbà tí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́. Àkókò sì ti lọ. Awakọ̀ bá ṣí ọkọ̀ láìfọ ìyẹ́.

Àwọn èrò wo ìta láti ojú fèrèsé, wọ́n rí yìnyín lórí ìyẹ́. Òṣìṣẹ́ tó ń tọ́jú èrò rí i. Awakọ̀ òfurufú mìíràn méjì tó jókòó bí èrò rí i pẹ̀lú. Wọ́n mọ̀ pé kò dára. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò dé etí ẹni tó ń wa ọkọ̀. Kálukú rò pé ọ̀gá mọ̀. Òṣìṣẹ́ náà rò pé wọn kò ní fẹ́ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu òun. Ọkọ̀ náà kò lè gòkè. Ó já sínú igbó. Èèyàn 24 kú.

Ìjọba Kánádà yan adájọ́ kan, Virgil Moshansky, láti wádìí ọ̀rọ̀ náà. Ọdún 1992 ni ìwé rẹ̀ jáde. Ìmọ̀ràn 191 ló wà nínú rẹ̀. Lónìí, òfin Kánádà sọ pé òṣìṣẹ́ ọkọ̀ tó bá rí ìrì dídì tàbí yìnyín lára ìyẹ́ kí ọkọ̀ tó gbéra, ó gbọ́dọ̀ sọ fún awakọ̀ lójú ẹsẹ̀. Òfin kò fi sílẹ̀ fún ìtìjú mọ́.

ỌJỌ́ 23 LẸ́YÌN KÙTỌ̀NÚ

Ṣùgbọ́n òfin nìkan kò tó. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kínní ọdún 2004, ọjọ́ 23 péré lẹ́yìn jàǹbá Kùtọ̀nú, ọkọ̀ òfurufú kékeré kan fẹ́ gbéra ní erékùṣù Pelee, ní Kánádà kan náà. Cessna Caravan ni irú rẹ̀. Ẹ̀rọ kan ló ní. Èèyàn 10 ló wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú awakọ̀. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọdẹ tó ń ti ìgbẹ́ ẹyẹ bọ̀. Wọ́n wọ aṣọ òtútù tó nípọn. Ìbọn wọn àti ẹrù wọn wà pẹ̀lú wọn.

Yìnyín wà lórí ìyẹ́. Ẹni tó wà nílẹ̀ rí i. Awakọ̀ kò mú un kúrò. Ọkọ̀ gbéra tán, kò lè dúró lókè. Ó já sínú adágún Erie. Kò sí ẹni tó yè.

Nígbà tí àwọn olùwádìí Kánádà ṣírò ìwúwo ọkọ̀ náà, wọ́n rí i pé ó ju ohun tí òfin gbà lọ ní 15 nínú 100, ó kéré tán. Ṣé ẹ rí i? Ọ̀tá méjèèjì pàdé lára ọkọ̀ kan. Ìrì dín agbára ìyẹ́ kù. Ẹrù sì pọ̀ ju agbára ìyẹ́ lọ.

Àwọn olùwádìí tún kíyè sí ohun mìíràn. Ó ti mọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ lára láti máa fi iye kan náà ka ìwúwo gbogbo èrò, ẹni tó tóbi àti ẹni tó tẹ́ẹ́rẹ́. Wọn kì í gbé èrò sórí òṣùwọ̀n. Ìmọ̀ràn tí wọ́n fún ìjọba ni pé kí ọkọ̀ kékeré máa lo ìwúwo èrò gan-an. Ọkọ̀ kékeré kò ní àyè fún àfojúdá.

Ẹ wo Kùtọ̀nú àti Pelee. Ọ̀kan wà nínú oòrùn, létí òkun wa. Èkejì wà nínú òtútù, létí adágún. Ọ̀kan tóbi, èkejì kéré. Ohun kan náà ló pa àwọn méjèèjì. Ìyẹ́ ni a gbé iṣẹ́ lé lọ́wọ́ láì mọ bí iṣẹ́ náà ṣe tó.

Ó YẸ KÍ ÀWA NÁÀ RONÚ

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ọ̀pọ̀ nínú wa kò tíì wọ ọkọ̀ òfurufú. Ṣùgbọ́n gbogbo wa ń wọ tasí, à ń gun ọ̀kadà. A ti rí tasí tó gbé èrò méjì sí iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, mẹ́rin sẹ́yìn, tí ewúrẹ́ sì wà nínú bùtù. A ti rí ọ̀kadà tó ru kẹ́ẹ̀gì epo bẹntiróòlù láti ẹnubodè, tí a kò fi rí ẹni tó ń gùn ún mọ́. A ti rí bàbá, ìyá àti ọmọ mẹ́ta lórí ọ̀kadà kan ṣoṣo.

Táyà tó wà nílẹ̀ kò yàtọ̀ sí ìyẹ́ tó wà lókè. Iye tó lè gbé ló lè gbé. Bíréèkì tó lè dá èèyàn 5 dúró kò lè dá èèyàn 9 dúró ní ibi kan náà. Ọ̀nà kò sì ní gùn sí i nítorí pé a ń kánjú.

Kí ni a lè ṣe?

Ẹ wọn ẹrù yín kí ẹ tó kúrò nílé. Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ nọ́ńbà kọ, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kékeré: gààrí, kílò mélòó, àgbàdo, àpò mélòó, epo pupa, kẹ́ẹ̀gì mélòó. Bí awakọ̀ bá béèrè, ẹ sọ òtítọ́ fún un. Ẹ má ṣe sọ pé "ẹrù kékeré ni" nítorí kí owó ọkọ̀ lè dín.

Ẹ má ṣe bẹ awakọ̀ pé kí ó gbé yín bí ọkọ̀ bá ti kún. Ẹ dúró de èyí tó ń bọ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ẹ pín ẹrù bó ṣe yẹ. Ẹ má ṣe kó gbogbo rẹ̀ sí apá kan, yálà iwájú tàbí ẹ̀yìn tàbí orí ọkọ̀.

Ẹ wo ọkọ̀ kí ẹ tó wọ̀ ọ́. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù: bí ẹ bá rí ohun tí kò dára, ẹ sọ ọ́ kí ọkọ̀ tó ṣí. Ẹ má ṣe rò pé awakọ̀ ti rí i. Ẹ má ṣe rò pé àgbà tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ló máa sọ ọ́. Ìtìjú àti ọ̀wọ̀ dára, ṣùgbọ́n ẹ rántí Dryden. A lè sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ẹ lè wí pé, "Ọ̀gá awakọ̀, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo táyà ẹ̀yìn yẹn, ó ti tẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a sọ àpò méjì kalẹ̀." Bí kò bá gbà, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Owó ọkọ̀ kì í ṣe owó ẹ̀mí. Bí ẹni kan bá sọ ọ́, ẹni kejì á ní ìgboyà láti tì í lẹ́yìn.

Ẹ̀yin awakọ̀ wa pẹ̀lú, ẹ gbọ́. Bí èrò bá bá yín sọ̀rọ̀, ẹ má bínú. Kò fi yín ṣẹlẹ́yà. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ìyẹ́ kò mọ́, ó ń gba ẹ̀mí ẹ̀yin náà là.

ÌBÉÈRÈ FÚN ẸGBẸ́ ÌKÀWÉ

1. Ohun mẹ́ta wo ló gbọ́dọ̀ bá ara wọn mu kí ọkọ̀ òfurufú tó lè gbéra?

2. Àpò sìmẹ́ńtì kan jẹ́ kílò 50. Àpò mélòó ló wà nínú tọ́ọ̀nù 3?

3. Ìrì dídì fúyẹ́. Kí ló dé tí ó fi lè já ọkọ̀ òfurufú bọ́?

4. Ní Dryden, àwọn wo ló rí yìnyín? Kí ló dé tí wọn kò sọ ọ́?

5. Ní ọ̀nà Igolo, bí ẹ bá wà nínú tasí tí ẹrù rẹ̀ pọ̀ jù, kí ni ẹ ó sọ fún awakọ̀? Kí ẹnìkan ṣe awakọ̀, kí ẹnìkan ṣe èrò, kí ẹ sì fi ọ̀rọ̀ náà dánra wò.

Ẹ tún àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kà, kí ẹ sì kọ wọ́n sínú ìwé yín: ìyẹ́, ẹrù, òṣùwọ̀n, ìrì dídì, yìnyín, tọ́ọ̀nù, ìwádìí, ìgboyà.

Ẹ bá wa ka ọ̀rọ̀ yìí sétí àwọn tí kò tíì mọ̀wé kà nílé yín. Ọkọ̀ tí a bá wọ̀ yóò gbé wa dé ibi tí à ń lọ láyọ̀, yóò sì gbé wa padà sílé. Ó dìgbà o.